Aṣọ ńlá kọ́ ni agbára ńlá

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, níbi Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn akanda ẹ̀dá, ní ìlú Paris, Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀, ọmọ Nàìjíríà, dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ǹṣì, ó sì gba ọ̀pá irin tí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 167 kílò mọ́wọ́. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé àyà, ó dá a dúró níbẹ̀, ó wá tì í padà sókè títí apá méjèèjì fi nà tán. Góòlù nìyẹn, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé sì nìyẹn fún àwọn obìnrin tí ara wọn kò wúwo ju 86 kílò lọ.

Gbogbo ẹni tó wo ìdíje náà ló rí ohun tó gbé. Àwọn díẹ̀ ló kíyè sí ohun tí kò wọ̀. Nínú eré irin gbígbé tí wọ́n ń pè ní powerlifting, ẹ̀wù kan wà tí wọ́n fi aṣọ líle rán, tó máa ń fún mọ́ ara débi pé òun náà ń bá ẹni tó wọ̀ ọ́ ti irin. Òfin ìdíje àwọn akanda ẹ̀dá kò fàyè gbà á. Bẹ́líìtì àti aṣọ tí wọ́n fi ń di ọrùn ọwọ́ ni òfin gbà fún Olúwafẹ́miayọ̀. Èjìká, àyà, apá àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣe ìyókù.

Ohun tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ jíìmù nílẹ̀ Yorùbá máa wò kọ́ṣe nìyí, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni ojú ń rí. Ọmọkùnrin tí kò tíì lè gbé 60 kílò lé èjìká, kó lóṣòó, kó sì dìde láìgbọ̀n, á ti ra bẹ́líìtì aláwọ, á ti wé orúnkún yíká, á sì ti so okùn mọ́ ọwọ́ kí irin má baà yọ̀ bọ́. Inú rẹ̀ á máa dùn pé irin òní ju ti àná lọ. Apá kan nínú irin yẹn, okùn àti aṣọ ló gbé e, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lágbára, kó kọ́kọ́ kọ́ bí ara á ṣe dá gbé irin fúnra rẹ̀. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan bá sì fẹ́ náwó lórí eré yìí, irú èyí tí kò nílò ẹ̀wù ìrànwọ́ ni kó náwó lé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni eré náà pín sí. Àkọ́kọ́ ni squat: olùdíje á gbé irin lé èjìká lẹ́yìn ọrùn, á lóṣòó títí oríkèé ìbàdí á fi sọ̀kalẹ̀ ju òkè orúnkún lọ, á sì dìde. Èkejì ni bench press, èyí tí Olúwafẹ́miayọ̀ ṣe ní Paris. Ẹ̀kẹta ni deadlift, gbígbé irin láti ilẹ̀ títí ènìyàn á fi nàró gírí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń jẹ́ kí olùdíje gbìyànjú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rẹfirí mẹ́ta ló ń wò ó, ó kéré tán méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ tan iná funfun kí irin náà tó wọlé. Ní Paralympics, ti bẹ́ǹṣì nìkan ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀wù bẹ́ǹṣì kò bá eré yìí wáyé. Ọdún 1972 ni wọ́n dá àjọ àgbáyé rẹ̀, IPF, sílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì wọ 1981, Bill Kazmaier ará Amẹ́ríkà ti 300 kílò kúrò lórí àyà láìsí irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn ni ará Amẹ́ríkà mìíràn, John Inzer, gbé ẹ̀wù bẹ́ǹṣì jáde fún títà, eré náà kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí ènìyàn mọ bí ẹ̀wù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Aṣọ poliẹ́sítà tó nípọn ni wọ́n fi ń rán an, nígbà mìíràn dẹ́nímù, òmíràn á jẹ́ ìpele kan, òmíràn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iwájú ni wọ́n dojú ọwọ́ ẹ̀wù náà kọ, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè ju apá sílẹ̀ dáadáa. Kì í sábà dá wọ̀ ọ́; àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a fà á sára, bó bá sì bọ́ ọ tán, àpá fífún rẹ̀ á hàn ní abíyá àti lápá. Bó bá mú irin fúyẹ́, irin náà kò ní dé àyà rẹ̀, ẹ̀wù ni kò ní jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Àfi kí irin wúwo gan-an kí ẹ̀wù tó fà. Bó bá sì ti fà, ó ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà, bó ṣe ń padà bẹ́ẹ̀ ló ń ti irin lọ sókè. Aṣọ squat ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìbàdí, aṣọ gígùn tí wọ́n ń wé mọ́ orúnkún sì ń ṣe é ní ẹsẹ̀.

Ní 2021, Julius Maddox ti 355 kílò láìwọ ẹ̀wù bẹ́ǹṣì. Ní 2022, Jimmy Kolb, ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, ti 508 kílò pẹ̀lú ẹ̀wù. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ 153 kílò, ó sì ju irin tí Olúwafẹ́miayọ̀ fi gba góòlù ní Paralympics ti Tokyo lọ. Wọn kì í ṣe ènìyàn kan náà, nítorí náà kò ṣeé sọ pé ẹ̀wù ló ni gbogbo 153 yẹn. Síbẹ̀, kò tíì sí ẹni tó sún mọ́ 500 kílò láìsí ẹ̀wù.

Deadlift ló wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2006, Andy Bolton láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ju ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lọ, ìyẹn 455 kílò, pẹ̀lú aṣọ ìrànwọ́ lára. Ní 2022, Danny Grigsby gbé 487.5 kílò, kò sì wọ aṣọ ìrànwọ́ kankan, bẹ́líìtì ló dì. Níbi deadlift, ilẹ̀ ni irin ti ń gbéra. Kò sí ìsọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú irin ṣáájú tí á fa aṣọ, nítorí náà aṣọ kò rí ibi púpọ̀ fi agbára pamọ́ sí. Níbi tí aṣọ kò bá ti rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe, ẹni tí kò wọ̀ ọ́ lè kọjá ẹni tó wọ̀ ọ́.

Èyí kò sọ àwọn tó ń wọ ẹ̀wù di ẹlẹ́tàn. Iṣẹ́ wọn ní ìmọ̀ tirẹ̀, ìrora rẹ̀ kò sì kéré. Ẹni tó bá fi aṣọ gbé 400 kílò léjìká, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló gba 400 kílò náà sára. Ṣùgbọ́n oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà, IPF náà sì ti pààlà. Ní 2012, wọ́n ṣe ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn tí kì í wọ ẹ̀wù ìrànwọ́ ní Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden. Nígbà tó di 2013, ní Suzdal, ní Rọ́ṣíà, ó di ìdíje ipò akọni àgbáyé pátápátá. Níbẹ̀, bẹ́líìtì kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, róbà tí wọ́n ń fà wọ orúnkún kò gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà 7 lọ, aṣọ tí wọ́n fi ń di ọrùn ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ gùn ju mítà kan lọ.

Láti ìgbà náà ni ojú ayé ti ṣí lọ síbẹ̀. Ní 2016, Ray Williams ará Amẹ́ríkà gbé 456 kílò lé èjìká, ó lóṣòó, ó sì dìde, pẹ̀lú bẹ́líìtì àti róbà orúnkún nìkan. Ní 2019 ó sọ ọ́ di 490. Ní oṣù Kẹta 2023, ní ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jesus Olivares ṣe squat 470, bench press 272.5, deadlift 410, àpapọ̀ 1,152.5 kílò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Russel Orhii, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà, gba ipò akọni àgbáyé láàárín àwọn tó wọn 83 kílò ní 2019, ó sì tún gbà á ní 2021. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbé irin ní ìgboro wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ìkọ́ra ẹni tí kò wọ ẹ̀wù yàtọ̀ gan-an sí ti ẹni tó wọ̀ ọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ti ń ṣìnà. Ẹ̀wù bẹ́ǹṣì ń ṣiṣẹ́ jù lọ nígbà tí irin bá wà lórí àyà. Òkè ni wàhálà ẹni tó wọ̀ ọ́ wà, níbi tí ẹ̀wù ti dẹ̀, tí iṣan ẹ̀yìn apá á dá parí iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí Louie Simmons, tó dá Westside Barbell sílẹ̀ ní Columbus, Ohio, fi gbájú mọ́ ẹ̀yìn apá, tó ń so ṣéènì àti róbà mọ́ irin kó lè máa wúwo sí i bó ṣe ń gòkè, tó sì ní kí wọ́n máa fi ìdí kan àpótí níbi squat. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì ran àwọn tó tìtorí wọn ṣe é lọ́wọ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ fídíò tí àwọn ọ̀dọ́ ń wò lórí fóònù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ẹni tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lásán tó wá ń so ṣéènì mọ́ irin ń wo ààrùn tí kò ṣe é.

Ìsàlẹ̀ ni irin ti ń há mọ́ ẹni tí kò wọ ẹ̀wù. Ibẹ̀ ló yẹ kó pẹ́ sí. Kó sọ irin kalẹ̀ sí àyà, kó dá a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kó tó tì í, kó má ṣe jẹ́ kí irin ta lórí egungun ìhà bíi bọ́ọ̀lù. Bí kò bá lè dá 70 kílò dúró lórí àyà, kò tíì ní 70 kílò, iye yòówù kó ti gbà pé òun ń tì. Níbi squat, ẹni tó wọ aṣọ ìrànwọ́ sábà máa ń ya ẹsẹ̀ gbàgàdà, á sì ti ìdí sẹ́yìn títí aṣọ á fi fà. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ á mú ẹsẹ̀ súnmọ́ra díẹ̀, á jẹ́ kí orúnkún lọ síwájú, kí iṣan itan lè gba ẹrù tirẹ̀. Kó sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí òfin ní kó dé, lójoojúmọ́, pẹ̀lú irin kékeré àti irin ńlá. Squat tí wọ́n ṣe dé ìdajì ọ̀nà ló pọ̀ jù nínú jíìmù wa, ó sì máa ń ya àwọn tó ń ṣe é lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá bọ́ síwájú rẹfirí tí iná pupa mẹ́ta tàn.

Ọ̀rọ̀ okùn ọwọ́ náà ńkọ́? Kò sí ìdíje IPF kan tó gba kí olùdíje fi okùn so ọwọ́ mọ́ irin níbi deadlift. Ẹfun ni wọ́n gbà. Àtẹ́lẹwọ́ kan á dojú kọ iwájú, èkejì á dojú kọ ẹ̀yìn. Àwọn mìíràn á sì fi àtàǹpàkò sábẹ́ ìka, á máa dùn wọ́n fún oṣù mélòó kan kó tó mọ́ wọn lára. Ọwọ́ tí kò bá gbé irin láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìdíje ni yóò já olówó rẹ̀ kulẹ̀.

Bẹ́líìtì ní tirẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bẹ́líìtì kì í gbé ẹ̀yìn. Ikùn ló ń tì í. Ènìyàn á fa èémí sínú, á jẹ́ kó lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn àti ìhà, á há a mọ́bẹ̀, ikùn á le gbándí, àárín ara á sì dúró gírí yí eegun ẹ̀yìn ká. Bẹ́líìtì kàn ń fún ikùn ní ohun tí á tì ni. Ẹni tí kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń há èémí sínú, bó di bẹ́líìtì mẹ́ta, kò sí ohun tí yóò ṣe fún un. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ lo oṣù mélòó kan láìsí bẹ́líìtì, kí kóòṣì máa fi ọwọ́ kan ìhà rẹ̀ láti mọ̀ bóyá èémí dé ibẹ̀, kó tó fi owó rà á.

Híhá èémí yìí kan náà ló fà á tó fi yẹ kí ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn géńdé márùn-ún bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ ti irin ńlá. Ìfúnpá tó jẹ́ 120 lórí 80 fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ròkè dé 320 lórí 250 ní ìpíndọ́gba, ti ẹnì kan sì kọjá 480 lórí 350. Ara tó le ń gbà á, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ ní kété tí irin bá kúrò lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti dókítà.

Sùúrù ni iṣẹ́ yìí ń béèrè jù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ squat pẹ̀lú 40 kílò, tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó sì ń fi kílò 2.5 péré kún un nígbà kọ̀ọ̀kan, yóò dé 100 kílò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bí ara bá gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, àfikún á di ti ọ̀sẹ̀, nígbà tó yá á di ti oṣù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Olúwafẹ́miayọ̀ gba fàdákà ní London ní 2012. Ní Tokyo, ní 2021, ohun tó gbé lé ní 150 kílò díẹ̀. Ní Paris ó di 167. Obìnrin tó lágbára jù ní ìpele rẹ̀ láyé lo ọdún mẹ́ta láti fi nǹkan bí kílò 15 kún ohun tó ń gbé, ọmọ ọdún méjìlélógún sì wà tó fẹ́ fi ogún kún tirẹ̀ kí ọdún Iléyá tó dé. Oríkèé kì í yára bí iṣan. Iṣan lè lágbára sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n okùn tó so iṣan mọ́ eegun ń lọ́ra, òun ló sì ń já tàbí tó ń wú nígbà tí ìkánjú bá wọ̀ ọ́.

Oúnjẹ pẹ̀lú. Àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé giramu 1.6 purotéènì lójúmọ́ fún kílò ara kọ̀ọ̀kan tó fún ẹni tó ń gbé irin. Fún ẹni tó wọn 80 kílò, 128 giramu nìyẹn. Ẹyin kan ní tó giramu 6, nítorí náà ẹyin nìkan kò ní gbé e débẹ̀. Ẹ̀wà, ẹja, ẹran, sóyà àti wàrà ni yóò parí rẹ̀. Kò sí lára rẹ̀ tí a kò lè rí lọ́jà Bódìjà, agolo purotéènì lúbúlúbú olówó gọbọi kò sì pọn dandan.

Nàìjíríà ti fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ yìí. Ní Rio ní 2016, góòlù mẹ́jọ ni àwọn akanda ẹ̀dá wa kó wálé, mẹ́fà nínú rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì. Paul Kẹ́hìndé, ọkùnrin tí kò wọn ju 65 kílò lọ, ti 220 kílò níbẹ̀. Lucy Ejike, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú láti kékeré, ti 142, lẹ́yìn tó ti gba góòlù ní Athens àti Beijing. Bọ́sẹ̀ Ọmọ́láyọ̀ gba ti Rio, ó tún gba ti Tokyo. Ní Paris, Onyinyechi Mark ti 150 kílò ní ìpele 61. Púpọ̀ nínú wọn obìnrin ni, kí àwọn òbí tó ń sọ fún ọmọbìnrin pé irin kì í ṣe tirẹ̀ gbọ́ ìyẹn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló yẹ kí jíìmù gbogbo máa pè wá láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ti irin láìsí ẹ̀wù, kí wọ́n sì sanwó iṣẹ́ wọn fún wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ̀pọ̀ jíìmù wà, kẹ̀kẹ́ akanda ẹ̀dá kò lè gùn ún.

Àwọn ọmọ tí kò lówó jíìmù ń ṣe irin fúnra wọn. Wọ́n á ro sìmẹ́ǹtì sínú agolo mílíìkì ńlá tàbí garawa ọ̀dà méjì, wọ́n á ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ láàárín, ó di irin. Ìfẹ́ tó wà nínú iṣẹ́ yẹn tó láti mú orí ènìyàn wú. Ewu rẹ̀ ni pé agolo ọ̀tún lè fi kílò kan ju ti òsì lọ, èjìká kan á sì máa ru ju èkejì lọ fún odidi ọdún. Kí wọ́n gbé agolo méjèèjì dé orí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, kí wọ́n sì bù kúrò nínú èyí tó bá wúwo jù.

Ìjọba lè ṣe ju ìyẹn lọ láìná owó rẹpẹtẹ. Bẹ́ǹṣì ìdíje àwọn akanda ẹ̀dá gùn tó mítà 2.1, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 61, ibi orí sì fún díẹ̀ kí èjìká lè ráyè. Wẹ́dà tó ń ṣe gẹ́ètì lójú títì lè jó o pọ̀. Òun kan náà lè jó òpó squat méjì pẹ̀lú ọ̀pá ààbò tí yóò gba irin bí ó bá já mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà há sábẹ́ irin nígbà tí kò sí ẹlẹ́gbẹ́ nítòsí. Ọ̀pá irin tó dára àti àwo tí wọ́n ti wọ̀n dáadáa ló kù láti rà, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan sì tó ṣe ìdíje. Olùdíje á mú síńgílẹ́ẹ̀tì, bàtà àti bẹ́líìtì rẹ̀ wá láti ilé. Kí àjọ eré ìdárayá ìpínlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ti akanda ẹ̀dá àti ti ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wáyé lọ́jọ́ kan náà, nínú gbọ̀ngàn kan náà, ní ìsàlẹ̀ ilé.